Jẹ́ Kí Ìyá Andrés Wẹ Ọmọ Náà

Peckham,
Àárọ̀ Sátidé.

Morẹ́nikẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí. Gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àpótí, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n á ti wú. Bí omi kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, lọ bu omi wá ná. Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, pé Mummy ò tíì kí èèyàn tí wọ́n ti ń pàṣẹ. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ àṣẹ pípa gan-an ni mo jókòó tì láàárọ̀ yìí.

Mi ò kọ lẹ́tà sí ọ rí. Orí fóònù la ti máa ń sọ tiwa. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, bí mo bá sọ gbólóhùn kan, o ti dáhùn mẹ́ta, òyìnbó á sì bo Yorùbá mọ́lẹ̀, kí a tó mọ̀, ọ̀kan nínú wa á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìwé ní tirẹ̀ kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni. Mo sì mọ̀ pé o lè ka Yorùbá dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí o bá ń sọ ọ́, ńṣe ló ń dún bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ Túsìdeè kò tíì kúrò létí mi. O ní, “Mummy, I can't, mi ò lè ṣe é mọ́. Since morning ló ti ń order mi up and down. Come. Siéntate. Tápate. Deja eso. Bí ẹni pé ọmọ ọdún márùn-ún ni mí! Mo ti sọ fún Andrés pé Pilar ò gbọdọ̀ wá sí flat wa tí baby bá dé. Màá dá ṣe é fúnra mi till ẹ bá wá.”

Jẹun. Jókòó. Da nǹkan bora. Fi ìyẹn sílẹ̀. Gbogbo ohun tí ìyá ọkọ rẹ ń sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ilé rẹ ní Valencia, pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ lára rẹ.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ọ. Nígbà tí o sọ pé o kò fẹ́ kí ó wá, inú mi dùn. Ẹnu mi ń sọ pé, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, ijó ni mò ń jó. Mo ní ẹ ò rí i, èmi nìkan ni ọmọ mi fẹ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo se tíì, tíì náà dùn mọ́ mi lẹ́nu ju ti ìgbàkígbà lọ. Ó di ọjọ́ kejì kí ojú tó tì mí.

Nítorí mi ò lè wá, Morẹ́nikẹ́. A ti ń fi “till ẹ bá wá” tan ara wa jẹ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún mi. Dókítà tó wà ní Camberwell ti sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló sì kù tí ọmọ rẹ máa dé. Mo ti ra òrí. Mo ti ra ọṣẹ àti kànrìnkàn rírọ̀. Mo ti sọ fún gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì pé mò ń lọ wẹ ọmọ ní Sípéènì, títí ọ̀rọ̀ mi fi sú wọn. O mọ bí ó ṣe rí ní tiwa: bí ọmọbìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ ní í di ẹrù lọ bá a, tí í wẹ ọmọ fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí í fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn, tí í sì rí i pé ó jẹun, ó sùn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń retí kí ó kàn mí. Ó wá kàn mí, mo ń ti ọ̀pá rìn láti yàrá dé kíṣìnì.

Bàbá rẹ ní òun lè lọ dípò mi. Bàbá rẹ! Ẹni tó jẹ́ pé nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ọ fún un, ó na ọwọ́ méjèèjì gbọọrọ bí ẹni tó gbé àwo tánganran, ó ń bi mí pé ìgbà wo ni màá gbà á padà. Ta ni ó fẹ́ wẹ̀?

Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí.

Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń bi mí pé níbo ni mo ti gbọ́ èdè Sípéènì. Nínú flat wa yìí, Yorùbá la fi ń gbàdúrà, òyìnbó la fi ń jà, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ rán ọ létí nǹkan, èdè mìíràn ló máa ń jáde lẹ́nu mi. Cierra la puerta, ti ilẹ̀kùn. Lávate las manos, fọ ọwọ́ rẹ. Apaga la luz, pa iná. Mo máa ń dá ọ lóhùn pé ibi iṣẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n mo gé e kúrú.

Nígbà tí mo lóyún rẹ, mò ń bá wọn tún ọ́fíìsì ṣe ní Camberwell, láti aago márùn-ún ìdájí. Àwọn ará Kòlóńbíà ló pọ̀ jù nínú wa. Ọ̀gá tó ń darí wa ń jẹ́ Marleny. Obìnrin kúkúrú, tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń wọ jíìnsì àti bàtà kánfáàsì, tó di irun rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé. Òyìnbó rẹ̀ kò ju ogún ọ̀rọ̀ lọ, èdè Sípéènì tèmi kò sì tó ẹyọ kan. Nítorí náà, àṣẹ nìkan ló ń bá mi sọ. Ponte los guantes, á sì ju ìbọ̀wọ́ sí mi. No cargues eso, á sì gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi. Siéntate, á sì fi ẹsẹ̀ ti àga sí mi nídìí. Come, come, á sì já búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì.

Ọmọ mi, inú mi a máa ru. Èmi tí mo ti ṣiṣẹ́ ní báńkì n'Íbàdàn, tí wọ́n ń pè ní Madam! Mo wo ojú rẹ̀, mo wo jíìnsì rẹ̀, mo parí ẹ̀ sọ́kàn ara mi pé mo jù ú lọ, ó kéré tán, ní ọdún márùn-ún. Ṣé ọmọ ìyá ta ni yóò máa sọ fún mi pé jókòó, jẹun, láìsí ẹ jọ̀ọ́, láìsí Aunty? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́. Bí ó bá ní kí n jókòó, mo dúró. Bí ó bá já búrẹ́dì fún mi, mo ní mo ti yó, ebi á sì máa han mí léèmọ̀ títí di ọ̀sán.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ fún ìsinmi ìbímọ, ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún mi pé òun yóò wá, òun yóò wẹ ọmọ. Mo ní rárá, ìyá mi ń bọ̀ láti Ìkirè. Ìyá mi kò bọ̀. Ìyá mi kò ní ìwé ìrìnnà rí láyé rẹ̀.

Mo bí ọ. Bàbá rẹ gba ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́, ó padà sídìí bọ́ọ̀sì tó ń wà, ó ku èmi àti ìwọ. Ẹ̀rù rẹ ń bà mí. Ìwọ́ rẹ kò tíì já, ọrùn rẹ ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, mi ò sì jẹ́ gbé ọ sínú omi. Ìyá mi á máa kọ́ mi lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ, bí wọ́n bá fẹ́ dé ibi orí báyìí, káàdì fóònù á tán. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń fi aṣọ tútù nù ọ́ lára bí ẹni ń nu tábìlì. Ọmú mi le bí òkúta, ibà sì dì mí mú.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Marleny kan ilẹ̀kùn. Mi ò mọ bó ṣe rí àdírẹ́sì wa. Mo fojú sí ihò ilẹ̀kùn, mo rí i tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ dání, tó fi aṣọ ìnuwọ́ wé e. “Ábreme, mami,” ló ń wí, ṣílẹ̀kùn fún mi. Yàrá rí wúruwùru, mi ò tíì wẹ̀ láti ọjọ́ méjì, àyà aṣọ mi sì ti rin fún omi ọmú. Mo rò ó pé kí ọmọdébìnrin yìí wá rí mi báyìí, kó tún máa pàṣẹ fún mi nínú ilé ara mi? Mi ò dáhùn. O bú sẹ́kún, mo sáré fi ọmú sí ọ lẹ́nu. Ó gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé a wà nínú ilé. Ó dúró díẹ̀, ó gbé ìkòkò náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó lọ.

Ọbẹ̀ adìẹ ni, ó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbàdo sí i. Mo jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró. Mo wá fọ ìkòkò, mo gbé e síta sẹ́nu ọ̀nà, kí ó lè mú un láìkan ilẹ̀kùn bí ó bá padà wá. Òfìfo ni mo gbé e síta, èmi tí ìyá mi kọ́ pé a kì í dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo, bó tiẹ̀ ṣe iyọ̀ nìkan la rí fi sí i. Ọjọ́ kejì ó dé lóòótọ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ṣí ọmọrí ìkòkò tó sì dé e padà. Kò kan ilẹ̀kùn. Kò sì wá mọ́.

Mo padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Wọ́n ní ó ti lọ sílé, pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, kò sì ní padà. Obìnrin tó gba ipò rẹ̀ fi fọ́tò kan hàn mí lára ògiri ibi tí a ń kó ẹrù sí. Marleny ló jókòó láàárín, ọmọ mẹ́rin yí i ká. Mo ní, “Her children?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “No, no. Grandchildren.” Àbẹ̀kẹ́, ó fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù mí lọ. Ọwọ́ tó ti wẹ ọmọ ọmọ mẹ́rin ni mo tì mọ́ ìta, tí mo wá ń fi aṣọ nù ọ́ lára. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wá bá mi dé ẹnu ọ̀nà, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn.

Mo wá a. Ní gbogbo ibi tí àwọn ará Kòlóńbíà ti ń tajà níhìn-ín, mo béèrè rẹ̀ títí, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó kù fún mi lára rẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n bá ọ sọ̀rọ̀, nítorí mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà bẹ̀ ẹ́. O mú wọn, o fẹ́ràn wọn, o ka èdè Sípéènì nílé ìwé títí tíṣà rẹ fi ń yìn ọ́ fún mi, o ní kí n jẹ́ kí o lọ Sípéènì fún ọdún kan ṣoṣo. Ọdún kan náà kò tíì pé di òní. Ẹnu èmi gan-an ni mo fi lé ọ lọ, mi ò lè bínú sí ẹnikẹ́ni.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí tèmi di tìrẹ. Nítorí náà, tẹ́tí sí mi.

Àkọ́kọ́. Ẹni tó ń sọ fún ọ pé jẹun kò bú ọ. Ronú padà sí ilé wa. Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, o bá mi jà pé ìyá ọ̀rẹ́ rẹ máa ń sọ “love you” kó tó gbé fóònù sílẹ̀, pé èmi kì í sọ ọ́. Kí ni mo máa ń sọ? Wọ kóòtù rẹ. Má pẹ́. Pè mí tí o bá dé Brockley. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ mi wà, gbogbo rẹ̀. Bí Pilar bá ní tápate, ohun kan náà ló ń wí.

Èkejì, kí ló dé tí ò ń pe ìyá ọkọ rẹ ní Pilar gbàgà? Mo mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí o máa pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè ní kí a máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣé dandan ni kí a gbà ni? Pè é ní Mamá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o wo ojú rẹ̀.

Ohun tó bá gbé wá, jẹ ẹ́. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, jẹ ẹ́ náà. Má sì dá abọ́ rẹ̀ padà lófìfo.

Má ṣe ro ẹjọ́ rẹ̀ fún Andrés mọ́. Ọkọ tí a fi sáàárín ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, ibikíbi tó bá yíjú sí, ó ṣẹ̀. Bí ohun kan bá ń dùn ọ́, sọ ọ́ fún òun fúnra rẹ̀ lójúkojú. Ìwọ náà lè pàṣẹ fún un. Bí ó bá ti dúró láti àárọ̀, sọ fún un pé siéntate, kí o gbé tíì fún un. Àwọn obìnrin tó ń pàṣẹ fún gbogbo ayé kì í sábà rí ẹni tó máa ní kí àwọn náà jókòó. Mo mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan ni mí.

Ti ìwẹ̀ ńkọ́? Kò ní wẹ̀ ẹ́ bí tiwa. Kò ní na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní jù ú sókè kó hán an. Má bá a jà. Ọmọ tí a kò jù sókè náà ń dàgbà, wo ọkọ rẹ bó ṣe ga tó. Ẹyọ ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í wò ó, mi ò rò pé wọ́n ka gbogbo igba náà ní ilé Yorùbá nìkan. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí o má dá wà. Mi ò fẹ́ kí o jókòó sí Valencia pẹ̀lú ibà, kí o máa fi aṣọ nu ọmọ lára nítorí pé ò ń dúró de èmi.

Má sì rò pé ó rọrùn fún mi. Láti ìgbà tí o ti lóyún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun, kí n lè rí nǹkan bá ìyá Andrés sọ bí mo bá dé. Mo kọ wọ́n sí ìwé pélébé, mo lẹ̀ wọ́n káàkiri ilé. Toma la pastilla, lo oògùn rẹ, ó wà lára kẹ́tùlù. Dobla la rodilla, tẹ orúnkún rẹ, ó wà lára dígí. Apaga el gas, pa gáàsì, wà lókè ààrò nítorí bàbá rẹ, ẹni tó ní òun kò mọ ìgbà tí ilé òun di ilé ìwé. Lára ilẹ̀kùn yàrá rẹ, mo lẹ No llores mọ́ ọn, má sunkún. Ti orúnkún ti ń ṣiṣẹ́. Ti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ kò tíì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Àárò rẹ ń sọ mí, Morẹ́nikẹ́. Bí mo bá gbọ́ tí ọmọdé ń ké nínú bọ́ọ̀sì ní Rye Lane, ọwọ́ mi á ti gbéra kí n tó rántí pé ọmọ wa kọ́ ni.

Mo ti kó òrí, ọṣẹ, kànrìnkàn àti ọ̀já sínú páálí kan. Bàbá rẹ yóò gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Orúkọ ìyá Andrés ni mo kọ sára rẹ̀, kì í ṣe tìrẹ, nítorí náà má tú u. Oríkì nìkan ni mi ò fi sí i. Ìyẹn, kí ẹ dúró dè mí, èmi ni màá ki ọmọ mi.

Ìyókù tó wà nísàlẹ̀ yìí, òun ni kí o kà á fún. Bẹ̀ ẹ́ kí ó má bínú. Àna ni wá, ní ilé wa a kì í pàṣẹ fún àna, ṣùgbọ́n àṣẹ nìkan ni wọ́n kọ́ mi nínú èdè rẹ̀.

Pilar, abre la caja. Tú páálí náà.
Calienta el agua. Gbé omi kaná.
Baña tú a la niña. Ìwọ ni kí o wẹ ọmọ náà.
Úntale la manteca. Fi òrí pa á lára.
Cántale lo que sepas. Kọ orin tí o bá mọ̀ fún un.
Y cuida a mi hija. Kí o sì tọ́jú ọmọ mi fún mi.

Èmi ìyá rẹ, tí ì bá wà níbẹ̀.